Ohun Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Yéwándé

Thamesmead,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo sá aṣọ tán.

Tèmítọ́pẹ́ mi, Àṣàkẹ́, ọmọ tí mo bí tó di ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ti mọ ọ̀nà ọ́fíìsì tuntun yẹn? Mo kí ọ kú oríire. Láti ọjọ́ Sunday tí o ti pè mí ni mo ti ń dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́ nídìí síńkì, mo ń dúpẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, débi pé obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá mo jẹ tẹ́tẹ́. Mo ní rárá o, ọmọ mi ló ríṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọpẹ́ kọ́ ni o gbọ́ lẹ́nu mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà. O pariwo pé, "Mummy, wọ́n ti fún mi ní job yẹn o!" Èmi náà pariwo. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún ọ, tí o sì bi mí pé, "Mummy, ṣé ẹ máa vex sí mi? Mo mọ nǹkan tí wọ́n máa sọ ní church." Mo kàn ní, "Ó dáa, a ó tún sọ̀rọ̀," mo sì gbé fóònù kalẹ̀. Ó dá mi lójú pé o rò pé inú ló bí mi.

Inú kò bí mi, Àṣàkẹ́. Ojú ló tì mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè kọ irú lẹ́tà yìí, nítorí náà jọ̀wọ́ po tíì rẹ, jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí o sọ sọ, kí n mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ni ibi iṣẹ́ rẹ. Wọ́n ní ìlànà pé nínú ọgbà àwọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ dù ú nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, tàbí ẹni tí kò gbà pé bí wọ́n ṣe kọ òun sílẹ̀ nígbà ìbí, ọkùnrin tàbí obìnrin, ni òun jẹ́. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ kí ààbò náà máa bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi tó bá ti lọ kọ́ṣẹ́: ilé arúgbó, ilé ìwòsàn, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Ibi tó bá fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò sì máa rán ènìyàn lọ wò ó. Àwọn ọ̀gá kan ní yóò ná wọn lówó jù. Ìwọ ni wọ́n wá ní kí o kọ gbogbo ohun tí yóò ná wọn sílẹ̀.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà ní London, iṣẹ́ yìí gan-an ló kàn ọ́. Ọlọ́run mà tóbi o.

Ní ọdún tí o fẹ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni olórí àwọn olùtọ́jú ní ilé àwọn arúgbó kan ní Plumstead. Nígbà tí mo fibẹ̀ sílẹ̀, mo sọ fún ọ pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ́ ló mú mi kúrò níbẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Woolwich, kì í ṣe tìrẹ, máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ sí wa láti kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Yéwándé. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ará Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ rí wúruwùru bíi ti ìwọ náà. Bó bá ti wọlé láàárọ̀, yóò ní, "Auntie, ẹ kàárọ̀, ẹ ti chop?" Ẹ̀rín á pa mí.

Ìyá àgbà òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Doris. Ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọta ìbọn ní Woolwich nígbà ogun, ṣùgbọ́n ogbó ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ fún òun. Bí a bá ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ariwo, ẹ̀ṣẹ́, ìgbájú. Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti gé mi jẹ rí. Yéwándé wo ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé táwẹ́ẹ̀lì sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó fi bo ìyá náà léjìká kí ó tó bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bí wọ́n ṣe ń to ọta sínú àpótí han òun. Ìyá ń fi ọwọ́ júwe, Yéwándé ń wẹ̀ fún un. Nígbà tí Doris máa mọ̀ pé omi kan òun, ó ti wọ aṣọ mìíràn, ó ti ń mu tíì.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ nínú mi pé, ọmọ yìí, Ọlọ́run dá a mọ́ iṣẹ́ yìí ni.

Ní ọ̀sán Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, mo ń rìn létí adágún Southmere lọ sílé. Mo rí Yéwándé lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọmọbìnrin kan. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Ọmọbìnrin náà gbé orí lé e léjìká, Yéwándé sì fi ẹnu kò ó níwájú orí. Bí ó ṣe rí mi, ó dìde, ó tẹ orúnkún bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. "Ẹ káàsán, Auntie." Mo kọjá lọ bí ẹni pé igi ló kí mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo yọ ọ́ kúrò lọ́dọ̀ Doris. Mo ní kó lọ máa fọ àwo, kó máa ká aṣọ ibùsùn. Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó wá bá mi. Ó ní, "Auntie, kí ni mo ṣe?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí àkókò ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ parí, fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi kí n kọ èrò mi sí i. Mo kọ ọ́ pé, kò yẹ kí wọ́n máa fi ọmọ yìí sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú àwọn obìnrin tí kò lè gba ara wọn sílẹ̀.

Ìlà kan péré ni. Mi ò kọ ọ́ pé ó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni lọ́nà àìtọ́, nítorí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó bá kà á yóò fi rò bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bírò wà lọ́wọ́ mi. Èyí ni mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi, kì í ṣe lẹ́nu ẹlòmíràn.

Olùkọ́ tó ń bójú tó wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wá, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń jẹ́ Hazel. Òun, èmi, Yéwándé àti máníjà wa la jókòó nínú yàrá jíjẹun. Hazel bi mí pé, "Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe?"

Mo ní, "Mo mọ ohun tí mo rí."

"Ṣé níbí lẹ ti rí i?"

Máníjà ní òun kò fẹ́ wàhálà pẹ̀lú àwọn ọmọ àwọn arúgbó wa, kí wọ́n kúkú mú un lọ. Hazel lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Èsì tí wọ́n fún un ni pé ìlànà kọ́lẹ́ẹ̀jì dá lé àwọ̀ ara, akọ tàbí abo, àti àìlera; kò dárúkọ irú èyí, àti pé bó tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ìlànà náà kò kọjá ẹnu géètì àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ orúkọ Yéwándé kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Kó tó lọ, ó dúró níwájú mi, kò sunkún. Ó ní, "Auntie, ẹ tiẹ̀ ń wò mí nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́?"

Tọ́pẹ́, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, tí mo rà lọ́wọ̀n-ọ́n: má ṣe kọ ohun tí ojú rẹ kò rí sínú ìwé ẹnikẹ́ni. Wàá jókòó sí ọ́fíìsì, ìwé àwọn ènìyàn yóò máa gba ọwọ́ rẹ kọjá. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ti ìwé tún burú ju ti ẹnu lọ, nítorí ó máa ń rẹ ọ̀rọ̀ ẹnu, ó máa ń jókòó sinmi. Ìwé kì í jókòó.

Ìkejì tan mọ́ iṣẹ́ rẹ gan-an. Wọ́n ní kí o ka ohun tí ààbò yìí yóò ná wọn. Kà á, má fi ọ̀kan pamọ́. Kọ àkókò tí wọn yóò fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Kọ ẹni tí wọn yóò gbà láti máa gbọ́ ẹ̀sùn. Kọ ìrìn àjò lọ sí ilé arúgbó kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n máa tún ṣe, àti àwọn ibi iṣẹ́ tí yóò sọ pé àwọn kò gba akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Bí o bá dín in kù kí ọ̀rọ̀ rẹ lè dùn létí wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, wọn kò ní gba ìyókù gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ẹ̀gbẹ́ kan tán, ṣí ojú ewé kejì, kí o kọ ohun tí a ná nígbà tí kò sí ààbò. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa rí pé ó yẹ ká kà á.

Jẹ́ kí n bá ọ ka tiwa. Lẹ́yìn tí Yéwándé lọ, Doris kò gbà kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ fún un mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, egbò yọ sí i ní bàdí. Dókítà ń wá, nọ́ọ̀sì ń wá. Máníjà ní láti máa gba olùtọ́jú láti ìta, àlejò lónìí, àlejò lọ́la, Doris sì ń gbá gbogbo wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì mìíràn sọ fún Hazel pé àwọn kò wá sọ́dọ̀ wa. Wọn kì í ṣe irú ènìyàn tí Yéwándé jẹ́ o, wọ́n kàn ní àwọn kò mọ ohun tí a lè kọ nípa àwọn náà ni. Ní ọjọ́ kan tí mo ń fún Doris lóúnjẹ, ó gbá ṣíbí dànù lọ́wọ́ mi, ó wò mí lójú kòró. Obìnrin tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ní, "Ọmọ mi dà?" Yéwándé ló ń bèèrè.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Síbẹ̀, bàbá rẹ ló là mí lójú. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. O mọ̀ ọ́n, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Yéwándé fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó ń wọ bàtà iṣẹ́. Mo rò pé yóò yìn mí.

Ó ní, "Kí ni ọmọ náà ṣe?"

Mo tún sọ ohun tí mo rí ní Southmere.

Ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bèèrè. Mo ní, kí ló ṣe níbi iṣẹ́?"

Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó di okùn bàtà rẹ̀ tán, ó wò mí. "Morẹ́nikẹ́, o rántí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì yẹn?"

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí, o kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo bá wọn ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù kan. Iṣẹ́ mi dáa, ọ̀gá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí n máa lọ, nítorí ilà ojú mi yóò dẹ́rù ba àwọn ọmọ oníbàárà. Ilà tí bàbá mi fi sí mi lójú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì! Mo sunkún títí omi ojú mi fi gbẹ. Bàbá rẹ ló dì mí mú.

Inú bí mi sí i láàárọ̀ náà. Mo ní, "Èwo ni kí o fi ilà mi wé ẹ̀ṣẹ̀?" Ó ní, "Mi ò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Mo ní, ta ló ń wo iṣẹ́ rẹ?" Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde.

Ìbéèrè Yéwándé ló tún bi mí, kò sì mọ̀. Ṣé o rí i? Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn títí mo fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ohun tí mo gbàgbọ́ nípa ìgbéyàwó kò yí padà lórí àtẹ̀gùn náà, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rí èké ni mo jẹ́, pé mo sì fi orúkọ Ọlọ́run bò ó mọ́lẹ̀.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́jọ́ tí mi ò ṣiṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà dání, ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fi sọ ọ́ fún Hazel. Hazel kò bú mi. Ó fún mi ní tíì, ó dúró títí mo fi sọ ọ́ tán, ó ní, "Ṣé ẹ lè sọ gbogbo èyí níwájú àwọn ọ̀gá mi, àti níwájú máníjà yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣe é. Máníjà gba ipò olórí lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ náà, mi ò sì bá a jà, nítorí ẹni tó kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo fibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ènìyàn nílé wọn, èyí tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ìlà kan tó ń dáàbò bo irú Yéwándé kún ìlànà wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Yéwándé padà wá, ó sì jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Hazel. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Doris, tó gbá ṣíbí yẹn. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Mo wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé Ọlọ́run to àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mi kí n má bàa kú sínú irọ́.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọpẹ́ mi tàn ọ́ jẹ. Mo pàdé Yéwándé lẹ́ẹ̀kan lójú pópó Plumstead, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, èmi àgbàlagbà. Ó yára gbé mi dìde. Ó ní, "Auntie, ẹ dìde, jọ̀ọ́. Mo ti gbọ́ pé ẹ lọ sọ òótọ́. Mo dúpẹ́." Mo ní kó foríjì mí. Ó ní, "Mo ti foríjì yín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n yọ orúkọ mi ni mummy mi mọ̀ nípa mi. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì gbé phone mi." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀rí padà wá. Ìyá rẹ̀ kò padà wá. Èwo nínú àwọn ojú ewé tí o fẹ́ kọ ni wọn yóò kọ ìyẹn sí?

Ìkẹta: má fi àwọn onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́ rẹ. Bí ẹnìkan bíi tèmi bá dìde ní ìpàdé tó ní ẹ̀rù ń ba òun pé wọ́n fẹ́ kí òun sẹ́ ohun tí òun gbàgbọ́, gbọ́ ọ tán. Sọ fún un pé kò sí ẹni tó ní kó sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọlọ́mọ ni kó fi òótọ́ wò. Ká ní Hazel fi mí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ tí mo lọ bá a ni, ǹ bá ti padà sílé pẹ̀lú lẹ́tà mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yí orúkọ padà láti ti ọkùnrin sí ti obìnrin, mi ò tíì lóye gbogbo rẹ̀. Kọ́ mi nígbà tí o bá wá. Mo ṣì lè kẹ́kọ̀ọ́.

Ìkẹrin kéré: máa jẹun ọ̀sán. Má máa jẹun lórí kọ̀ǹpútà. Máa rìn lọ sí adágún Birchmere nígbà tí o bá wà nílé, kí o wo omi, kí orí rẹ lè tutù.

Ìkẹyìn ni ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ, àti ẹ̀bẹ̀ kan. Rárá, mi ò ní bínú sí ọ. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni n ó dá wọn lóhùn. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí: nígbà tí o bá dé ojú ewé kejì nínú ìwé rẹ, kọ ìtàn yìí sí i. Yọ orúkọ ọmọbìnrin náà, ó ti jìyà tó. Ṣùgbọ́n tèmi, má yọ ọ́. Má kọ ọ́ pé "òṣìṣẹ́ kan ní ilé arúgbó kan." Àwọn tó ń sọ pé ààbò ti wọ́n jù kò tíì rí ojú ẹni tó ba nǹkan jẹ́ nígbà tí kò sí ààbò. Bí wọ́n bá fẹ́ rí mi, pè mí. N ó wọ aṣọ mi tó dáa jù, n ó wá jókòó níwájú wọn, ilà ojú mi àti gbogbo rẹ̀, n ó sì sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí.

Ọ̀nà rẹ yóò là. Ọwọ́ rẹ kò ní kọ ibi sórí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tìrẹ náà yóò rí ẹni tó máa wo iṣẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi nìyí, kí o má bàa ṣì í:

Morẹ́nikẹ́ Àdùkẹ́ Ọláògún,
ìyá rẹ.